Bí A Ṣe Ń Múra Ẹjọ́ Owó Iṣẹ́ fún Eléré Họ́kì NHL

Àbúrò mi, kí o tó fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbé fún ọ, mọ ìdí tí eléré NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, fi ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́ owó. Kì í ṣe torí kí a lè rojọ́ ni. A ń pè é kí ẹgbẹ́ lè jókòó bá wa sọ̀rọ̀ bí èèyàn gidi, torí ọjọ́ tí adájọ́ (aláàárín ni, kì í ṣe ti kóòtù) yóò dá sí i ti wà nílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹjọ́ yìí ló ń parí kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé. Síbẹ̀, bí ẹgbẹ́ bá fura pé a kò múra dé iwájú adájọ́, wọn kò ní fi kọ́bọ̀ kún ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá eléré náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, àmọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú, ni ẹjọ́ yìí wà fún. Ọjọ́ orí tó fi fọwọ́ sí àdéhùn NHL àkọ́kọ́ ló ń sọ iye ọdún tó gbọ́dọ̀ ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó fọwọ́ sí i láàárín ọdún 18 sí 20 yóò lo ọdún 4, ẹni 21 yóò lo 3, ẹni 22 tàbí 23 yóò lo 2, ọdún kan sì ti tó fún ẹni 24 sókè. Má fi orí ṣírò rẹ̀, ṣí ìwé rẹ̀ wò.

Ní ọdún tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Keje, ní aago ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ni gbèdéke fún eléré láti pe ẹjọ́. Kí o tó fi ìwé ránṣẹ́, bi ọ̀gá léèrè bóyá ẹgbẹ́ mìíràn ń yọjú sí eléré náà, torí lọ́gán tó bá ti pe ẹjọ́, ẹgbẹ́ mìíràn kò lè fi àdéhùn lọ̀ ọ́ mọ́. Ẹgbẹ́ náà lè pe eléré lẹ́jọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnì kan láyé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ló ń yàn bóyá ìdájọ́ yóò jẹ́ ti ọdún kan tàbí méjì. Ìyẹn ni pé bí àwa bá pè é, ẹgbẹ́ ni yóò yàn. Bí ó bá ku ọdún kan kí eléré náà di òmìnira, ìyẹn ẹni tó lè lọ sí ẹgbẹ́ tó bá wù ú, ọdún kan náà ni.

Ibi tí iṣẹ́ tìrẹ wà gan-an ni ìwé ẹjọ́. Adájọ́ lè gbọ́ nípa bí eléré ṣe ṣeré, iye ìgbà tó wọ pápá, ìpalára tó dá a dúró, bó ṣe pẹ́ tó nínú líìgì, ipa tó kó nínú àṣeyọrí tàbí ìkùnà ẹgbẹ́, ìwà aṣáájú rẹ̀, àti bí èrò ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí àwọn oníròyìn kọ, kò gbọ́dọ̀ wo fídíò, kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí a ti fi lọ ara wa ṣáájú. Ọ̀rọ̀ pé ẹgbẹ́ kò lówó, tàbí pé àyè kò sí mọ́ lábẹ́ òdiwọ̀n owó iṣẹ́ tí líìgì fi lélẹ̀ fún wọn, kò gbọ́dọ̀ dé etí rẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yìí gidigidi, torí ó jẹ́ kí ìjà dúró lórí eré tí ọmọkùnrin náà ṣe.

Lẹ́yìn náà, wá àwọn tí a ó fi wé e. Àdéhùn tí ẹlòmíràn fọwọ́ sí nígbà tó ti di òmìnira pátápátá kò wúlò níbí; irú ipò tí eléré tiwa wà ni ẹni náà gbọ́dọ̀ ti wà nígbà tó fọwọ́ sí i. Fi sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wé sáà tó ṣáájú àdéhùn tirẹ̀, kí o sì fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ látẹ̀yìnwá wé ti òun náà. Góòlù nìkan kò tó: wo ìṣẹ́jú tó ń lò lórí yìnyín, ìgbà wo ni wọ́n ń rán an jáde, àwọn wo ló ń kojú. Èmi a máa wá ẹni méjì tó dín díẹ̀ sí tiwa, tí owó wọn sì ga. Ẹgbẹ́ yóò kó àwọn tí owó wọn kéré wá, nítorí náà kọ ìdáhùn sí orúkọ wọn kí wọ́n tó dá a. Wákàtí 48 kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni a ń pààrọ̀ ìwé, àkókò yẹn kò sì tó láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tuntun.

Iye tí a ó béèrè ńkọ́? Adájọ́ kò ní láti mú iye wa tàbí ti ẹgbẹ́. Ó lè dúró sí àárín. Ní 2023, Jeremy Swayman, aṣọ́lé Boston, béèrè mílíọ̀nù 4.8 dọ́là, ẹgbẹ́ ní mílíọ̀nù 2, ó gba 3.475. Ní ọdún yẹn kan náà, Ilya Samsonov ti Toronto béèrè 4.9, ẹgbẹ́ ní 2.4, ó gba 3.55. Ìtòsí àárín ni méjèèjì bọ́ sí, bí o bá ṣírò rẹ̀. Àmọ́ má rò pé kí a ṣáà sọ iye ńlá ni. Ní 2011, Nashville pe Shea Weber lẹ́jọ́; wọ́n ní 4.75, òun ní 8.5, adájọ́ sì fún un ní mílíọ̀nù 7.5. Ẹgbẹ́ ti sọ iye tí kò jọ ti balógun wọn. Iye tí o kò bá lè fi orúkọ ẹnì kan tì lẹ́yìn, yọ ọ́ kúrò.

Wàyí o, múra etí eléré náà sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ aṣojú máa ń fò. Yóò jókòó nínú yàrá, ẹgbẹ́ tó ń wọ aṣọ wọn ṣeré yóò sì máa ka àléébù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ròyìn pé omijé ni Tommy Salo, aṣọ́lé ẹgbẹ́ New York Islanders, fi jáde nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi rán an lọ sí Edmonton. Swayman náà sọ lẹ́yìn tirẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun la irú rẹ̀ kọjá. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ eléré tiwa ṣì máa wọ aṣọ ẹgbẹ́ yẹn ní oṣù Kẹwàá. Nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ń ka ìwé ẹgbẹ́ sí i létí, ní ọ̀sán, lójú aṣojú rẹ̀, pẹ̀lú ìdáhùn wa sí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Má fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ lóru.

Tẹra mọ́ ìdúnàádúrà títí ilẹ̀kùn yóò fi tì. Ní 2014, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ eléré P.K. Subban àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Montreal, tán, ọjọ́ kejì sì ni wọ́n fọwọ́ sí ọdún 8 fún mílíọ̀nù 72 dọ́là kí ìdájọ́ tó jáde. Irú rẹ̀ kò sí mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún àdéhùn láàárín líìgì àti ẹgbẹ́ àwọn eléré ṣe ní 2020, bí ìgbẹ́jọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wa. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ sábà máa ń pè, kí fóònù ọ̀gá má ṣe kú.

Láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ ni ìdájọ́ ń jáde. Bí ó bá jẹ́ pé àwa la pè é, tí iye náà sì ju òdiwọ̀n tí wọ́n ń gbé sókè lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ lè kọ̀ ọ́, kí eléré di òmìnira. Ó dùn létí, àmọ́ wo aṣọ́lé Antti Niemi. Ó gba ife Stanley, ife ẹ̀yẹ NHL, pẹ̀lú Chicago ní 2010, adájọ́ fún un ní mílíọ̀nù 2.75, Chicago kọ̀ ọ́, ó sì lọ gba mílíọ̀nù 2 ní San Jose. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ná owó wọn tán. Ṣàlàyé èyí fún eléré kí a tó kọ iye sílẹ̀.

Bí ìdájọ́ bá jẹ́ ti ọdún kan, ẹgbẹ́ kò lè bá a fọwọ́ sí àdéhùn tuntun títí di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní. Sàmì sí ọjọ́ náà, kí o sì máa kó ìṣirò rẹ̀ jọ láti ìdíje àkọ́kọ́ sáà.