Bí a ṣe ń yọ aró kúrò nínú omi kó tó dé ọ̀sà Àjàṣẹ́

Omi tó kù nínú ìkòkò lẹ́yìn tí a bá rẹ aṣọ tán, gọ́tà ni ọ̀pọ̀ wa ń dà á sí, gọ́tà a sì gbé e wọ ọ̀sà. Àwọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn ráyè dé ara ewéko inú omi. Ó dùn mí gan-an, nítorí a lè fi asẹ́ sẹ́ ẹ.

Asẹ́ tí mo ń sọ, òwú tín-ín-rín ni wọ́n fi ṣe é: irun orí kan fi ìlọ́po 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nípọn jù ú. Kítósáàn, èròjà tí wọ́n ń ṣe láti inú èèpo edé àti akàn, wà lára ohun tí wọ́n ń fi ṣe é. Iná tó lé ní 10,000 fólítì ni wọ́n fi ń fa òwú náà, nítorí náà ẹ má ṣe dán an wò nílé. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ni kí ẹ ti gbà á.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí sódà tó wà nínú omi aró ń jẹ ara. Bó bá jẹ́ èlú, ẹ fi igi rò ó dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tó bá tòrò, ẹ rọra da ojú omi sínú garawa mìíràn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀, èlú ṣì ni. Ẹ dá a padà sínú ìkòkò. Ẹ wá fi aṣọ nínípọn sẹ́ omi náà, kí ìda àti fọ́nrán òwú má baà dí asẹ́ wa pa.

Ibí yìí ló ti máa ń bàjẹ́: omi tí sódà pọ̀ nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí kítósáàn di àwọ̀ mú. Ẹ máa kán fínígà sí i díẹ̀díẹ̀ títí bébà ìdánwò pH, èyí tó ń fi bí omi ṣe kan sí hàn, yóò fi fi 6 sí 7 hàn. Bó bá lọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn, asẹ́ lè yọ́.

Ẹ gé asẹ́ kékeré kan sínú ife omi aró náà ná. Bí asẹ́ náà bá ń gba àwọ̀, tí àwọ̀ omi ń ṣá, ẹ tẹ̀síwájú. Àmọ́ búlúù mẹ́tílíìnì, ìyẹn aró òyìnbó kan, àti kítósáàn jọ ń gbé irú iná kan náà, wọ́n á máa ti ara wọn; èédú lílọ̀ ló yẹ ìyẹn.

Ẹ tẹ́ asẹ́ sórí ajọ̀, kí ẹ máa da omi sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Abọ́ funfun ni kí ẹ gbé sábẹ́. Bí àwọ̀ bá ti ń yọjú níbẹ̀, asẹ́ ti yó. Omi tí sódà díẹ̀ wà nínú rẹ̀ yóò fọ àwọ̀ náà jáde.

Asẹ́ yìí ń jẹrà, ṣùgbọ́n aró tó wà lára rẹ̀ kì í bá a jẹrà, ẹ má ṣe jù ú sóko. Omi tó jáde kò ṣeé mu, iyọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi rẹ aṣọ tó kàn.