Bí Mo Ṣe Wádìí Bóyá Kinect Tà Lóòótọ́

Àlàájì kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Táíwò Ìsàlẹ̀, nílùú Ìlọrin níbí, ló ránṣẹ́ pè mí. Ẹnì kan ní Alábà l'Ékòó fẹ́ kó Kinect rẹpẹtẹ fún wọn lówó pọ́ọ́kú, ó sì ń kán wọn lójú. Bí ó bá jẹ́ fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n ni, Àlàájì kì í bi ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ná an. Ọ̀rọ̀ gèémù ni kò yé wọn, èmi sì ni mo ń tún páàdì àti ẹ̀rọ gèémù ṣe ládùúgbò. "Bá mi wò ó," wọ́n ní, "ṣé ọjà yìí tà níbi tí wọ́n ti ṣe é, àbí ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń kó o wá bá wa?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè, kí wọ́n má tíì san kọ́bọ̀.

Fún ẹni tí kò bá rí i rí, Kinect ni ọ̀pá dúdú gbọọrọ kan tí Microsoft ṣe fún ẹ̀rọ gèémù wọn tó ń jẹ́ Xbox 360, tí wọ́n máa ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n. Kámẹ́rà wà lára rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn kò lè rí káàkiri yàrá láti fi mọ ibi tí èèyàn dúró sí. A kì í di páàdì mú. Bí o bá gbẹ́sẹ̀, àwòrán rẹ inú tẹlifíṣọ̀n náà á gbẹ́sẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2010 ló jáde l'Amẹ́ríkà, nǹkan bíi dọ́là 150 ni wọ́n sì ń tà á.

Mo kọ́kọ́ wo iye tó tà. Guinness World Records, ìwé tó ń kọ àwọn ohun tó ta yọ jù lágbàáyé sílẹ̀, kọ ọ́ pé láàárín 60 ọjọ́ àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 8 ló lọ, ìyẹn 133,333 lójoojúmọ́, wọ́n sì ní kò tíì sí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ kan tó yára tà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2013, ó ti tó mílíọ̀nù 24. Ní 2017 tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, iye tí Microsoft dárúkọ ni nǹkan bíi mílíọ̀nù 35. Ẹlòmíì á ti ní kí Àlàájì lọ sanwó. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ iye tí òun tà fún mi, mo máa ń fẹ́ mọ ẹni tó tà á fún. Ilé iṣẹ́ lè kó ọjà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti tà á, nígbà tí ọjà náà ṣì jókòó sórí pẹpẹ tí eruku ń bò ó. Àlàájì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wọn. Ẹrù tó ti kúrò ní Alábà kò tíì dé ọwọ́ oníbàárà.

Nítorí náà, mo wá nǹkan tí n óò fi gbé iye náà wò. Ní oṣù kejì 2013 yẹn kan náà, Xbox 360 tó ti jáde lọ jẹ́ mílíọ̀nù 76. Bí a bá fi mílíọ̀nù 24 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ẹni mẹ́ta tó ní Xbox 360, ó kù díẹ̀ kí ẹnì kan ní Kinect. Fún ohun tí èèyàn lè ṣe láìní, tí gèémù á sì máa lọ, ìyẹn pọ̀ gan-an. PlayStation VR tí Sony ṣe, awò ńlá tí wọ́n ń dé mójú láti fi gbá gèémù, kò súnmọ́ ọn: nígbà tí ọdún 2019 parí, mílíọ̀nù 5 ló ti tà, PS4, ẹ̀rọ gèémù tí wọ́n ń so ó mọ́, sì ti tó mílíọ̀nù 106. Kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀ n kò ní sọ pé VR yẹn kùnà. Dọ́là 399 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó ju ìlọ́po méjì owó Kinect lọ, Sony sì tún ṣe èkejì rẹ̀ jáde ní oṣù kejì 2023. Oníṣòwò tó bá jẹ gbèsè lórí ọjà kan kì í sábà tún un rà lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó tún tà rẹpẹtẹ, kò jọ gèémù rárá: pátákó tí Nintendo ṣe fún ẹ̀rọ gèémù wọn tó ń jẹ́ Wii, tí èèyàn ń dúró lé lórí ṣe eré ìdárayá. Láàárín ọdún mẹ́ta, láti oṣù kọkànlá 2007, ó lé ní mílíọ̀nù 32. Abẹ́ ẹ̀rọ ìwọn-ara ni Guinness kọ ọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ gèémù. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

Ohun kan dá mi dúró kí n tó tẹ̀ síwájú, R.O.B. ni. Robot kékeré kan ni, Nintendo ló gbé e jáde l'Amẹ́ríkà ní 1985 pẹ̀lú ẹ̀rọ gèémù wọn tó ń jẹ́ NES. Gèémù méjì péré ni wọ́n ṣe fún un láyé rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gèémù la fẹ́ fi dá a lẹ́jọ́, ẹjọ́ ti tán. Àmọ́ ọdún 1983 ni ọjà gèémù ti dojú dé l'Amẹ́ríkà; àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ gbọ́ orúkọ gèémù sétí mọ́. Robot yẹn ló jẹ́ kí Nintendo lè sọ fún wọn pé ohun ìṣeré ọmọdé làwọn gbé wá, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti ṣí, kò sẹ́ni tó tún bi robot léèrè. Ṣé ó yege? Ó yege fún ẹni tó rán an níṣẹ́. Fún bàbá tó fi owó rẹ̀ rà á fọ́mọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá fẹ́ dá Àlàájì lóhùn, mo gbọ́dọ̀ ya ẹni tó ṣe ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó fẹ́ fi jẹun nílùú Ìlọrin.

Ibi tó wá là mí lójú jù ni Xbox One, ẹ̀rọ gèémù tí Microsoft ṣe tẹ̀lé Xbox 360. Oṣù kọkànlá 2013 ni ó jáde, Kinect tuntun wà nínú páálí kan náà, o kò sì lè sọ pé o kò fẹ́ ẹ. Dọ́là 499 ni. PS4 jáde ní oṣù kan náà, dọ́là 399. Ọgọ́rùn-ún dọ́là tó fi jùra, ojú Kinect ni gbogbo èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2014, Microsoft yọ Kinect kúrò nínú páálí, wọ́n sọ Xbox One di 399, títà rẹ̀ l'Amẹ́ríkà sì ju ìlọ́po méjì ti oṣù karùn-ún lọ. Ẹ wò ó dáadáa. Lọ́dún 2010, ẹni tó fẹ́ Kinect ló mú owó lápò kún owó, tó lọ rà á. Lọ́dún 2014, nígbà tí wọ́n fún àwọn èèyàn láǹfààní láti fi í sílẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Èmi kò nílò ìwé ìṣirò mìíràn. Ìbéèrè tí mo ń bi ọjàkọ́jà báyìí nìyẹn: nígbà tí oníbàárà lè ṣe láìní i, ṣé ó ṣì mú un? Kinect àkọ́kọ́ yege pátápátá. Èkejì kò yege, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ dára lórí ìwé.

Ṣùgbọ́n Àlàájì kì í ṣe Microsoft.

Mo gba Tanke lọ, sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù gèémù lójú ọ̀nà Yunifásítì. Kinect kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú páálí, kì í lò ó. A gbé e síta, a so ó mọ́ Xbox 360 Slim, irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí iná ṣe dé ara rẹ̀, orí rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, ó wo òkè, ó tẹ orí ba, ó ń wá wa. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pariwo. Láti ìgbà yẹn lọ, wàhálà ni. Ó fẹ́ kí èèyàn jìnnà sí i tó mítà méjì, ẹni méjì sì ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà kò gùn tó bẹ́ẹ̀, àyàfi tí a bá kó bẹ́ńṣì síta. Oòrùn ọ̀sán gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó tàn sórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀rọ náà kò sì rí ẹnikẹ́ni mọ́ níbi tí oòrùn bá wà, títí a fi ta aṣọ dí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kékeré kan tó ń bọ̀ láti ilé kéú bọ́ síwájú, jàlábíà rẹ̀ balẹ̀. Àwòrán rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ mọ́ra, torí ẹ̀rọ kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ká jàlábíà sókè dé orúnkún, ó fi eyín dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ìgbà yẹn ló ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wá ṣàlàyé ohun tí ìṣirò òyìnbó kò lè sọ fún mi. Fífà, gèémù bọ́ọ̀lù, ló ń bọ́ òun. Ẹni méjì jókòó, ẹni mẹ́jọ dúró lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń bú wọn, ẹni tí wọ́n bá lù á sanwó, òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó dúró yẹn ni owó. Kinect kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró nítòsí. Ó tún ń rẹ èèyàn: ẹni tó bá fò sókè fò sódò díẹ̀, omi inú ọ̀rá ló máa wá kiri, kò ní í sanwó ìkejì. Nínú Fífà, àtàǹpàkò nìkan ló ń rẹ̀ wọ́n.

Ẹlòmíì tí mo bá sọ̀rọ̀ wà l'Ọ́fà, ó ń yáni ní àga àti kánópì fún òde àríyá. Òun ní tirẹ̀ ń fi Kinect pa owó, bí Iléyá bá dé tàbí tí ọmọ bá ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ó máa ń gbé e lọ sínú pálọ̀ ńlá, á ti fèrèsé, á fi àwọn ọmọ síwájú rẹ̀, owó odindi ọjọ́ ló sì ń gbà, kì í gba ti ẹyọ gèémù kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ kò mọ̀ pé ó ti di àtijọ́. Díísìkì ni ìṣòro rẹ̀, torí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì Xbox 360 ti di títì láti oṣù keje 2024. Ohun tí o kò bá ní lórí díísìkì, o kò lè rà á níbẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe padà dé Táíwò Ìsàlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájì. Mo ní ọjà náà tà lóòótọ́, kò kú mọ́ wọn lọ́wọ́, àmọ́ kí wọ́n má rà á fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù gèémù. Àwọn tó ń ṣe òde àríyá ọmọdé ni kí wọ́n wá. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ti Xbox One, nítorí Xbox One tó jáde lẹ́yìn kò ní ihò tí wọ́n máa fi so ó, wọ́n sì ti dáwọ́ ṣíṣe okùn tó ń bá a so ó dúró. Ti 360 nìkan ni. Kí wọ́n sì rí i dájú pé okùn iná rẹ̀ wà nínú páálí, torí ẹni tó bá ní Xbox 360 ti àtijọ́ tó sanra kò lè lò ó láìsí okùn yẹn.

Àlàájì pe Alábà níwájú mi. Ẹni náà ní òun kò ní àyè láti máa ṣà á, bó ṣe wà nínú àpò ni kí wọ́n kó o. Àlàájì ní ó dára, ṣùgbọ́n owó èyí tó dára nìkan ni àwọn máa san, kí ó fi ìyókù ṣe sàráà. Wọ́n pa fóònù. Kí a tó kírun Alásárì, ó ti pe padà. Èmi ni n óò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹrù bá dé, a sì ti fẹnu kò lórí iye tí n óò máa gbà.