Bí a ṣe ń pèsè àpò spore àrùn kòkó fún máíkírósíkóòpù ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù láìjẹ́ kó hunjọ

Phytophthora, ohun alààyè tín-ín-rín kan tó jọ olú, ló ń fa àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lásìkò òjò. Ní Nàìjíríà, ẹ̀yà méjì la sábà máa ń bá pàdé: Phytophthora megakarya, tó burú jù, àti Phytophthora palmivora. Ohun funfun bí ìyẹ̀fun tó ń hù lórí èso tó ti dúdú, àpò spore, ìyẹn àpò ohun tín-ín-rín tí àrùn náà fi ń tàn kálẹ̀, ló kún ibẹ̀. Máíkírósíkóòpù ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù lè fi hàn wá bí àpò kọ̀ọ̀kan ṣe ń yọ, tó ń wú, tó sì ń gbó, bí a bá pèsè rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àwòrán tí mo ń rí, àpò náà ti hunjọ bí ata gbígbẹ, ẹni tó yà á sì gbà pé bó ṣe rí lóko nìyẹn.

Omi ló ń fa èyí. Wọ́n máa ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà jáde, nítorí náà ohun tútù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí omi bá sì ń gbẹ lára ohun tó rọ̀, ojú omi yẹn á fà á wó. Spore slime mould, ohun alààyè mìíràn tó jọ olú, kò ní ìṣòro yìí, ó ti gbẹ fúnra rẹ̀ lórí igi jíjẹrà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ stub, irin kékeré tí a fi ń gbé nǹkan wọ inú ẹ̀rọ náà, ẹ fi wúrà bò ó, ó tán. Ti kòkó kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá èso tí àrùn ṣì ń ràn lára rẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́ rárá. Bí omi bá kan àpò wọ̀nyí, wọ́n á já bọ́ lórí igi tín-ín-rín tó gbé wọn dúró. Bí omi náà bá tutù, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú spore tó ń lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ tuntun gé èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ láti etí ibi dúdú náà lọ sí àárín. Ọ̀dọ̀ etí ni àwọn ọ̀dọ́ wà, àwọn tó ti gbó wà lẹ́yìn wọn, ẹ ó sì rí gbogbo ọjọ́ orí wọn lára èèpo kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ fi ethanol nu òróró ojú abẹ náà.

Kí àpò náà lè dúró bó ṣe wà, èéfín kẹ́míkà osmium tetroxide ni mo máa ń lò ṣáájú, torí kò ní omi tó lè já àpò. Ẹ tẹ́ èèpo sórí bébà tó rin díẹ̀ nínú abọ́ onígíláàsì, ẹ kán osmium 2% méjì-mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ dé e fún wákàtí méjì. Inú àpótí tó ń fa èéfín síta ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí èéfín yìí ń ba ojú jẹ́. Òróró àgbàdo lẹ fi máa pa agbára èyí tó bá ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra da glutaraldehyde 2.5%, tí òun náà ń mú ara àpò le, nínú phosphate buffer (omi iyọ̀ tí kì í jẹ́ kí pH yí padà) 0.1 M, pH 7.2, sí i láti ẹ̀gbẹ́ abọ́, kí ó wà níbẹ̀ mọ́jú. Ẹ fi buffer ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ la dé yìí. Ẹ fi ethanol lé omi jáde: 30%, 50%, 70%, 80%, 90%, 95%, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi 100% ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí èyí tí ẹ lè fò. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó bo èèpo mọ́lẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi wò ó. Asẹ́ kékeré ni mo fi ń gbé e: mo gé ìdí ike kékeré kan, mo mú etí rẹ̀ gbóná, mo sì tẹ àwọ̀n náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò 100%. Bí ìgò bá ti ṣí, ethanol á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ mú copper sulphate búlúù, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pò mọ́ lime láti fín kòkó, ẹ yan án títí yóò fi funfun, ẹ fi ìwọ̀nba sínú ethanol díẹ̀. Bí ó bá padà di búlúù, omi ti wọ̀ ọ́. Ìgò tuntun ni kí ẹ ṣí fún 100% ìgbà kẹta, ẹ má ṣe ṣọ́wó ná níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní critical point dryer ló dára jù fún gbígbẹ. Carbon dioxide olómi yóò gba ipò ethanol. Bí ooru bá kọjá 31°C tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ju ti afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po 73, kò ní sí ààlà láàárín olómi àti gáàsì mọ́, kò wá sí ojú omi tó lè fa nǹkan wó. Àwọn aláìnísùúrù máa ń tú gáàsì náà lẹ́ẹ̀kan náà, á tutù, á tún di olómi, wàhálà á sì padà dé. Èmi kì í tú u tán kí ààbọ̀ wákàtí tó pé, 40°C ni mo sì ń fi í sí.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ yìí, ẹ lo HMDS (hexamethyldisilazane), kẹ́míkà olómi kan tó ń gbẹ kúrò lára nǹkan. Ẹ pò ó mọ́ ethanol: kí ethanol kọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, kí wọ́n wá dọ́gba, kí HMDS wá jẹ́ ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi HMDS nìkan ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ó gbẹ mọ́jú nínú àpótí èéfín. Owó rẹ̀ kéré, àwọn àpò tó ti gbó sì máa ń dára tí a bá lò ó. Fún àwọn ọ̀dọ́ tí awọ wọn fẹ́lẹ́, mi ò fọwọ́ sí i.

Ìyókù rọrùn. Ẹ fi carbon tape lẹ̀ ẹ́ mọ́ stub; ìrun ìpéǹpéjú kan tí a lẹ̀ mọ́ orí igi ìtayín ló dára jù fún títò ó. Ẹ fi wúrà bò ó, nǹkan bíi nanomita 10, ẹ bẹ̀rẹ̀ wíwò pẹ̀lú agbára iná 5 kV. Inú àpótí tó ní silica gel ni kí ẹ kó stub sí lọ́jọ́ kan náà, torí ọ̀rinrin inú yàrá tó láti bà á jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.