Pẹ́dà Òsì: Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọmọ Mi Bí A Ṣe Ń Gun Kẹ̀kẹ́ ní Mọ̀pà

₦38,000 ni mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje. Kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ti ná ₦21,500 mìíràn lé e lórí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì ti lọ. Kì í ṣe táyà, kì í ṣe ṣéènì. Pẹ́dà òsì nìkan ni, tí ẹnì kan fi agídí yí gba ibi tí kò yẹ kó yí i gbà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni èmi fi kọ́ ní kékeré. Kẹ̀kẹ́ gíga ni, ọmọdé ò lè dé orí ìjókòó rẹ̀. Abẹ́ irin àárín la máa ń ki ẹsẹ̀ ọ̀tún gbà, a ó wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí igi tí atẹ́gùn fẹ́ dà, a ó sì máa wà á lọ bẹ́ẹ̀. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní orúnkún mi. Mo ti pinnu tipẹ́ pé ọmọ tèmi ò ní kọ́ ọ báyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò le rárá. A ó tú pẹ́dà méjèèjì kúrò, a ó rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ á fi kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ, á wá máa fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ lọ. Tí ara bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí táyà méjì, pẹ́dà á wá rọrùn. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ò rí kẹ̀kẹ́ tí kò ní pẹ́dà rí. Mo ní, “Màmá, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ rí níbẹ̀rẹ̀.” Mo sọ fún wọn pé Karl Drais, ará Jámánì tó gbé tirẹ̀ jáde ní 1817, ilẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tì, àti pé ó ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn náà kí pẹ́dà tó di ohun tí wọ́n ń so mọ́ táyà iwájú ní ilẹ̀ Faransé. Màmá ní ó dáa, ká máa wò ó.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Pẹ́dà ọ̀tún jáde wẹ́rẹ́. Ó yí i bí a ṣe ń ṣí ìdérí ìgò, ó tú. Ló bá kọjú sí ti òsì, ó tún yí i bíi ti àkọ́kọ́. Kò mì. Ó ní ó ti dógùn-ún. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó ní ká fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó padà dé, ó ki páìpù gígùn kan bọ ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Mo ní, “Àbúrò, dúró ná. Ṣé kì í ṣe pé ò ń dè é sí i ni?”

Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Iṣẹ́ wa nìyí.”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mò ń wò ó. Ẹnu sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bó bá ti yọ̀, irin wẹẹrẹ tó ń dán á já bọ́ sílẹ̀, títí igun tó yẹ kí sípánà dì mú fi jẹ tán tó sì di roboto. Ló bá mú òòlù. Ibi tó ti ń lù ú ni apá irin tó gbé pẹ́dà, èyí tí wọ́n ń pè ní kíráǹkì, ti wọ́. Ó wá na ọwọ́, ó ní owó iṣẹ́ òun jẹ́ ₦1,500. Mo san án, nítorí ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́jọ́ yẹn pọ̀.

Kàbà, ìlú kan nítòsí Mọ̀pà wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo gbé e lọ lẹ́yìn náà, sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. Bàbá ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí wọ́n fi mi orí. Wọ́n mú àkísà, wọ́n nu orí irin pẹ́dà náà, wọ́n ní kí n sún mọ́ ọn. Lẹ́tà L kékeré kan wà níbẹ̀. Wọ́n mú pẹ́dà ọ̀tún tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n nu òun náà: R. Wọ́n ní pẹ́dà òsì kì í tú bíi ti ọ̀tún, òdìkejì ló ń yí. Bí wọ́n bá ṣe méjèèjì bákan náà, bí èèyàn ṣe ń wà á lọ ni ti òsì á máa tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí á fi já bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ ọ́n. Gbé sípánà (nọ́ńbà 15 ló bá ọ̀pọ̀ pẹ́dà mu) sórí irin náà, kí ìdí rẹ̀ kọjú sókè. Fà á sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á tú. Tì í sí iwájú kẹ̀kẹ́, á le. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà lósì, nítorí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó kọjú sí i lọ́tùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún ló máa wà fún ẹni tó kọjú sí i lósì. Èyí tí ọmọkùnrin yẹn ń ṣe láti àárọ̀, dídè ló ń dè é.

Bàbá tú kíráǹkì tó wọ́ náà kúrò, àmọ́ wọn ò ní òmíràn. Wọ́n ní àwọn á ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Wọ́n pè mí pé ó ti dé, mo wọ mọ́tò láti Mọ̀pà lọ bá a. Ti ọ̀tún ni wọ́n fi ránṣẹ́! Ojú ti bàbá ju èmi lọ, wọ́n ń bẹ̀ mí, mo ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n inú mọ́tò tí mò ń bá bọ̀ wálé, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Ní ìrìn kẹta ni kíráǹkì òsì tó wọlé, ₦11,000 tòun ti pẹ́dà rẹ̀. Owó mọ́tò ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lílọ bíbọ̀, jẹ́ ₦9,000.

Ohun kan tí mo fi dúpẹ́ ni pé kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ wa ní gbogbo àsìkò yẹn láìní pẹ́dà, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an. Pápá ilé ìwé kan la máa ń lọ nírọ̀lẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ tí koríko sì wà. Ilẹ̀ pupa wa yìí ò dára fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Òkúta wẹẹrẹ orí rẹ̀ máa ń yọ̀ lábẹ́ táyà, pàápàá nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì yọ́ lọ láti òkè pápá dé ìsàlẹ̀. Mi ò dì í mú. Nígbà tí mo bá tiẹ̀ dì í mú rí, èjìká ni mo máa ń dì, torí ẹni tó bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú fún ọmọ ò jẹ́ kí ọmọ mọ bó ṣe ń yí i.

Àpáta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà tí àwọn ìyá máa ń sá gbágùúdá sí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tẹjú mọ́ gbágùúdá náà, ẹ̀rù ń bà á kó má lọ gùn ún. Tààrà ló lọ síbẹ̀. Ìyá tó ni ín dìde, wọ́n ní, “Okun o,” bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa, “ọmọ mi, ṣé o ò fara pa?” Wọ́n ń ṣa gbágùúdá wọn láìbínú, mo bá wọn ṣa á. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Látìgbà náà, ọ̀ọ́kán ni mo máa ń dúró sí, mo ní ojú mi ni kó máa wò, kó má wo táyà.

Ìjánu la fi gba ìyókù ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ìka rẹ̀ ò dé irin ìjánu. Ìdè kékeré kan wà lẹ́bàá irin náà tí a fi sikirudíráfà yí, irin sì sún mọ́ ọn. Lórí kẹ̀kẹ́ yìí, ti òsì ló ń di táyà iwájú mú, mo sì ti rí ẹni tó já ti iwájú nìkan mú lórí eré: kẹ̀kẹ́ dúró, òun ń lọ. Mo so òwú pupa mọ́ ti ẹ̀yìn, mo ní méjèèjì ni kó máa fún pọ̀, jẹ́jẹ́. Mo gbé òkúta sílẹ̀, kó dúró kó tó kàn án. Títí kò fi kàn án mọ́ ní ìgbà mẹ́wàá léraléra, mi ò sọ̀rọ̀ pẹ́dà.

Akoto orí ni mi ò ṣahun owó sí. Èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń dé wúwo jù fún ọrùn ọmọdé. Àbúrò mi ló bá mi ra ti ọmọdé bọ̀ láti Àbújá. Kó bo iwájú orí, kó ku ìka méjì sí irun òkè ojú, kó má máa yẹ̀ sẹ́yìn bíi fìlà. Ṣòkòtò la sì ń wọ̀, kì í ṣe síkẹ́ẹ̀tì gígùn, nítorí ṣéènì.

Lọ́jọ́ tí pẹ́dà wọlé, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ló gbà á. Ó gbé pẹ́dà ọ̀tún sókè díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e, mi ò bá a. Mo sunkún. Ìyá ọkọ mi tó wá wò wá pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe oríkì rẹ̀.

Ní báyìí, àdúgbò ló ń gùn ún mọ. Mi ò tíì gbà á láàyè lórí ọ̀nà Ìlọrin sí Kàbà, nítorí àwọn tírélà. Bàbá kan ládùúgbò, tó kọ́ kẹ̀kẹ́ kí ìjọba tó yí ọkọ̀ sí apá ọ̀tún ní April 1972, ní kí ọmọ máa gba òsì. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ má bínú, Bàbá, ọ̀tún la ń gbà báyìí, a kì í sì í kọjú sí mọ́tò.

Mo ti ra sípánà nọ́ńbà 15 tèmi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Ní Sátidé tó kọjá, aládùúgbò mi kan tó ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ rẹ̀ wá yá a. Mi ò yá a. Mo mú un lọ́wọ́, mo tẹ̀ lé e dé ilé rẹ̀, mo sì dúró tì í títí pẹ́dà òsì fi jáde.