Kí ẹ tó gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ehoro tó ti dàgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí a jọ ń sin ehoro ní Ifẹ̀ níbí. Bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ló kù fún ehoro yín tó ti lé ní ọdún 6, ẹ má tìtorí ọjọ́ orí nìkan kọ̀ ọ́. Ara rẹ̀ ni kí ẹ wò: ṣé ó ṣì ń jẹun, àbí ó ń rù? Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ, èyí tó wọ́pọ̀ lára abo tó ti dàgbà, kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò inú àyà rẹ̀ (X-ray). Tó bá ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró, èmi ò ní gbà kí wọ́n là á. Oògùn ìrora àti ìtọ́jú ilé ló kù.

Ẹ bi dókítà bóyá ó ti ń fún ehoro lóògùn oorun tẹ́lẹ̀, torí oorun yẹn léwu fún ehoro ju ajá lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ febi pa á mọ́jú, ẹ má gbà rárá. Ehoro kì í bì, ìfun rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dúró. Bó bá ti jí, ẹ gbé ewé yúnyun tútù sí i nímú. Bí kò bá jẹ, tí kò sì yàgbẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ gbé e padà kíá.

Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà fún ẹni tó bá lè rìn débẹ̀. Ìdájí ni kí ẹ gbéra o, ooru inú ọkọ̀ lè pa á.