Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kóòdù tó wù yín láti ṣe ìwádìí àìsàn, ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ rèé

Àwọn tó mọ kóòdù kọ pọ̀ láàárín wa, àmọ́ àwọn tó mọ̀ pé wọ́n lè fi wádìí àìsàn ò pọ̀. Bioinformatics ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn, kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá di dókítà. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má kàn máa kó sátífíkéètì jọ, ẹ mú ìbéèrè kan tó kan ara èèyàn gan-an, kẹ́ ẹ fi dátà gidi dáhùn ẹ̀ tán pátápátá.

Ọ̀fẹ́ ni dátà ọ̀hún o. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní 1000 Genomes ti ka DNA èèyàn 2,504 káàkiri ayé, àwọn Yorùbá láti Ìbàdàn wà níbẹ̀, YRI ni àmì wọn, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló mọ YRI, wọ́n ń lò ó l'Amẹ́ríkà, wọ́n ń lò ó ní Jámánì, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa gan-an ò tíì ṣí i wò rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ AS àti SS tí gbogbo wa mọ̀. Orí kúrómósómù 11, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn okùn DNA wa, ni ìyípadà S tó ń fà á wà. Ẹ má dáńlóòdù gbogbo fáìlì VCF, ìyẹn fáìlì tí wọ́n kọ ìyàtọ̀ inú DNA àwọn èèyàn yẹn sí, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ tabix lè gé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ nìkan wá, MB yín ò ní jóná. Ẹ̀dà DNA èèyàn tí wọ́n fi ń ka nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà ju ẹyọ kan lọ. Tó bá jẹ́ GRCh37 ni fáìlì yín ń tẹ̀ lé, ipò 5248232 lẹ máa wá, tó bá jẹ́ GRCh38 ni, 5227002 ni, ibẹ̀ yẹn ló ti máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá a títí, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ní 0|0 ò gbé S rárá, 0|1 tàbí 1|0 gbé ẹyọ kan, 1|1 gbé méjèèjì.

Ìwé biology sọ pé lẹ́tà DNA tó ń jẹ́ A ló yí padà di T, ṣùgbọ́n T tó di A lẹ máa rí nínú fáìlì. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ o, okùn méjì ni DNA ní, orí okùn kejì ni jíìnì HBB, tí ìyípadà S yìí wà nínú ẹ̀, wà, ibi tí A bá sì wà lórí ọ̀kan, T ló máa dojú kọ ọ́ lórí ìkejì. Ẹni tó mọ kóòdù nìkan á ní fáìlì ti bàjẹ́, ẹni tó mọ biology nìkan ò tiẹ̀ ní lè ṣí i. Ẹni tó mọ méjèèjì ni wọ́n ń wá.

Ẹ kọ́ Linux, Python tàbí R, àmọ́ statistics ni kẹ́ ẹ fún lákòókò jù. Tí látópù yín ò bá lágbára, ẹ lo Galaxy, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ wà nílé náà. ACEGID, ibùdó ìwádìí jíìnì àwọn àìsàn tó ń ranni ní Redeemer's University l'Ẹdẹ, ló kọ́kọ́ ka DNA kòrónà, àbí ká ní RNA ẹ̀, látòkè délẹ̀ ní Áfíríkà, oṣù kẹta 2020. Nǹkan bíi lẹ́tà 30,000 ni, wẹ́wẹ́ ni ẹ̀rọ máa ń kà á, àwọn oníkọ̀ǹpútà ló ń tò ó padà kí wọ́n tó fi wé ti orílẹ̀-èdè míì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ dárúkọ iṣẹ́ wọn tẹ́ ẹ kà, ẹ fi líǹkì GitHub yín sí i pẹ̀lú ìbéèrè kan tẹ́ ẹ fẹ́ bá wọn wádìí. Tí wọn ò bá dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ kọ sí ẹlòmíì.