Síkẹ́ẹ̀tì tó ń di gáùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí aṣọ ìgbà ooru

Aṣọ yìí kò ju ojú rírán méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, rọ́bà lókè, ìṣẹ́tí nísàlẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ sí ìbàdí, síkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ fà á dé abẹ́ apá, ó di gáùn. Rọ́bà ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Mo gé rọ́bà sí ìwọ̀n àyà. Bí mo bá wọ̀ ọ́ bíi síkẹ́ẹ̀tì, ó ń já bọ́.

Ìbàdí ni kí ẹ wọ̀n. Rọ́bà tó bá ìbàdí mu lè nà dé àyà; èyí tó bá àyà mu kò lè fún mọ́ ìbàdí. Ẹ yọ ínṣì 2 kúrò nínú ìwọ̀n ìbàdí, kí ẹ fi 1 kún un fún ibi tí orí méjèèjì ti máa gun ara wọn. Ìbàdí 30, rọ́bà 29. Ẹ kọ́kọ́ nà án yí ìdí wò: bí kò bá kọjá ibẹ̀, aṣọ ò ní wọ̀.

Rọ́bà mi fẹ̀, ó ń ká kò nínú aṣọ, ó sì ń há mi lábẹ́ apá.

Rọ́bà fífẹ̀ kan ṣoṣo kì í jókòó dáadáa sórí àyà. Mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́, oní-ínṣì ½, ló sàn jù. Ẹ ká etí òkè ní ¼, kí ẹ tún ká a ní 2¼. Ẹ wá rán ìlà mẹ́rin yípo: àkọ́kọ́ ní ¼ sísàlẹ̀ etí òkè, àwọn yòókù ní ⅝ síra wọn. Ihò mẹ́ta nìyẹn.

Ibo ni rọ́bà máa gbà wọlé? Kí ẹ tó ká òkè rárá, nígbà tí ẹ bá ń rán ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ rán ½ àkọ́kọ́ láti òkè, ẹ fo 1¾, kí ẹ tó máa rán lọ. Ẹ rán lọ rán bọ̀ létí àlàfo náà kó má baà tú. Bí ẹ bá ká a tán, àlàfo yẹn á bọ́ sínú, kò sí ẹni tó máa rí i. Ẹ fi píìnì ńlá tó ṣeé dì fa rọ́bà kọjá, ẹ rán orí wọn pọ̀, kí ẹ wá rán wọn mọ́ aṣọ lóòró níbi ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò ní ká kò mọ́.

Gígùn rẹ̀ dáa bíi gáùn, ṣùgbọ́n bíi síkẹ́ẹ̀tì ó ń wọ́lẹ̀.

Ẹ wọ̀n láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, kì í ṣe láti abẹ́ apá. Ẹ fi 2½ kún un fún òkè, àti 1 fún ìṣẹ́tí: 38 á di 41½. Ní ti fífẹ̀, ìwọ̀n ìdí lọ́nà kan àti ààbọ̀ ti tó. Ìdí 40 á jẹ́ 60, èyí tó túmọ̀ sí ègé aṣọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 31, torí ojú rírán máa jẹ ½ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Òwú ń dì jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ lábẹ́ aṣọ. Mo ti tún bọ́bìnnì, ìyẹn ibi tí òwú ìsàlẹ̀ wà, ṣe títí.

Ẹ fi bọ́bìnnì sílẹ̀; òwú òkè ló níṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ maṣíìnì tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ ń fi òwú kọ́ ọ, àwọn àwo kékeré tó ń fún òwú á ti pa pọ̀, òwú ò ní wọ àárín wọn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ yọ òwú, ẹ tún un kọ́. Ẹ di orí òwú méjèèjì mú nígbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ojú rírán ń hunjọ lórí aṣọ fẹ́lẹ́.

Abẹ́rẹ́ tuntun, nọ́ńbà 70. Kí abẹ́rẹ́ máa fi mílímítà 2 sáàárín ibi tó ń gún. Ẹ má fa aṣọ látẹ̀yìn.

Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó súnkì.

Aṣọ òwú àti línẹ́ẹ̀nì ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó gé aṣọ ló yẹ kí ẹ ti fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń fọ aṣọ, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Èyí tó ti súnkì, ẹ tú ìṣẹ́tí rẹ̀, kí ẹ so aṣọ mìíràn tó fẹ̀ tó ínṣì 4 mọ́ ìsàlẹ̀. Àwọ̀ tó yàtọ̀ gedegbe ló máa ń dà bíi pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.